Ọlọ́pàá nínú ọgbà ilé ìwé l'Amẹ́ríkà: èwo ni kí òbí fara mọ́?

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Houston lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Iṣẹ́ tuntun ti yọ fún un ní Maryland, ó sì ti ń wá ilé. Mo rò pé owó ilé ló máa kọ́kọ́ béèrè, àbí ibi tó ti máa rí iṣu rà. Rárá o. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọlọ́pàá wà nínú ilé ìwé lọ́dọ̀ yín?" Mo ní kó sọ èyí tó fẹ́ gbọ́ fún mi, pé ó wà ni, àbí pé kò sí. Ó dákẹ́. "Ẹ má bínú, èmi gan-an ò mọ èyí tí mo fẹ́."

Mi ò bá a wí. Àwa tí wọ́n bí nílé, a mọ ọlọ́pàá tó ń na ọwọ́ sí mọ́tò lójú ọ̀nà. A sì tún rántí Ìgbónlá l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ní 2017, nígbà tí àwọn ajínigbé wọ ilé ìwé ìjọba tí wọ́n kó ọmọkùnrin 6 lọ, tí àwọn òbí wọn fi lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó fojú kàn wọ́n. Ẹni tó bá ti irú ibẹ̀ wá, tó bá rí ẹni tó gbé ìbọn dúró lẹ́nu géètì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ilé ìwé l'Amẹ́ríkà kì í sábà kọjú síta. Inú ọgbà ló ń ṣọ́, àwọn ọmọ yín ló sì wà nínú ọgbà.

Torí náà mo jókòó, mo fi àwọn ìlú tó ti yan oríṣiríṣi wé ara wọn fún un. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i nìyí, mo kàn tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin òbí yòókù.

Ta ló ń pinnu?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, bọ́ọ̀dù ilé ìwé ni. Àwọn ará àdúgbò ló ń dìbò yàn wọ́n. Àwọn ló ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, àwọn ló ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó lọ́dọọdún, àwọn náà ló sì ń fọwọ́ sí àdéhùn tí ẹkùn ilé ìwé bá bá ọlọ́pàá ṣe. Ìpàdé wọn kì í ṣe ìkọ̀kọ̀. Ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, iná kékeré kan wà níwájú mi lórí tábìlì, aláwọ̀ ewé, ó yí sí yẹ́lò, ó sì di pupa kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀ gan-an. Ìkíni ni mo fi jẹ ìdajì àkókò mi. Ẹ kí wọn ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó di àpò mú. Ní Alexandria ní Virginia, ìgbìmọ̀ ìlú ló ń sanwó àwọn ọlọ́pàá ilé ìwé, kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Ní oṣù Karùn-ún 2021, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò 4 sí 3 pé kí wọ́n yí owó náà, tó tó nǹkan bí $800,000, sí ètò ìlera ọpọlọ àwọn ọmọ. Àwọn aláṣẹ ilé ìwé ò fẹ́ ẹ. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, lẹ́yìn ìjà àti ìbẹ̀rù nínú ilé ìwé, ìgbìmọ̀ ìlú yìí kan náà tún dìbò 4 sí 3, wọ́n dá wọn padà. Ẹni tó bá lọ sunkún níwájú bọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà yẹn, ilé tí kì í ṣe ti olówó ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Houston tí àbúrò mi wà gan-an tún yàtọ̀. Láti oṣù Kẹfà 2023 ni ìpínlẹ̀ Texas ti gba àkóso ẹkùn ilé ìwé tó tóbi jù níbẹ̀, àwọn tí ìjọba yàn ló sì wà lórí àga. Ìbò yín ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù: ọlọ́pàá ìlú tí ilé ìwé ń yá

Èyí ni wọ́n ń pè ní SRO (School Resource Officer). Ìlú Flint ní Michigan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ohun tó sọ ọ́ di ti gbogbo ilé ni ìpànìyàn ní Columbine, ilé ìwé girama kan ní Colorado, ní oṣù Kẹrin 1999, níbi tí ọmọ ilé ìwé méjì ti pa ènìyàn 13. Owó ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀ ni pé Columbine ní ọlọ́pàá tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Parkland ní Florida náà ní ọ̀kan ní 2018, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa ènìyàn 17 nílé ìwé, ìta ló dúró sí.

Ohun tó wà lábẹ́ ètò yìí ni pé ọlọ́pàá náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwé. Ilé ìwé lè máa sanwó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá ló ti ń gba àṣẹ. Bí ọmọ yín bá jà ní yàrá oúnjẹ, ọ̀gá ilé ìwé lè fẹ́ pè yín, kí ọlọ́pàá sì fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ìwé àdéhùn ló ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ṣẹ. Bí ìwé náà bá dákẹ́, ẹni tó ní ìbọn ló máa ń borí.

Bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Albany àti ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2021 tó bá àwọn méjèèjì tó ń jà sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé ilé ìwé tó ní ọlọ́pàá ń rí ìjà àti ìhalẹ̀ tó dín kù. Wọn ò rí i pé ó dènà ìbọn. Wọ́n sì rí i pé iye ọmọ tí wọ́n ń lé sílé àti iye tí wọ́n ń mú pọ̀ sí i, ó sì wúwo jù lórí àwọn ọmọ dúdú. Ẹ rántí pé ọmọ tiyín, bó ti wù kó sọ Yorùbá tó, ọmọ dúdú ni lójú ọlọ́pàá. Nínú àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2015 sí 2016, nínú gbogbo 100 ọmọ ilé ìwé, 15 ló jẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n nínú gbogbo 100 tí wọ́n mú tàbí tí wọ́n fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, 31 ni. Tí mo bá ti ka ìyẹn, ìbéèrè nípa ẹnu géètì ti ń yí padà lọ́kàn mi.

Minneapolis ló kọ́kọ́ gé okùn. Ọlọ́pàá ìlú náà pa George Floyd, ọkùnrin dúdú kan, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2020. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, bọ́ọ̀dù ilé ìwé ìlú náà fẹnu kò, kò sí ẹni tó lòdì, pé àwọn ò bá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá yẹn ṣe mọ́. Ọlọ́pàá 14 ni wọ́n ń sanwó fún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 dọ́là lọ́dún.

Denver, tó lọ tó sì bọ̀

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ Denver ni gbogbo ènìyàn fi ń jà, tí ẹnikẹ́ni kì í kà á dé ìparí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2020, bọ́ọ̀dù Denver dìbò pé kí ọlọ́pàá 18 jáde kúrò nínú ilé ìwé, díẹ̀ díẹ̀, títí di 2021. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 2023, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní East High School yìnbọn lu àwọn alábòójútó méjì. Orí wọn kó wọn yọ. Wọ́n rí òkú ọmọ náà lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀dù dá òfin ara wọn dúró, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, wọ́n dìbò 4 sí 3 pé kí ọlọ́pàá padà pátápátá.

Ibi tó yẹ ká wò nìyí: kí ni àwọn alábòójútó méjì yẹn ń ṣe? Wọ́n ń tú ara ọmọ náà wò ni. Ìwé ètò ààbò kan wà lórí rẹ̀ tó ní kí wọ́n máa yẹ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́ kó tó wọ kíláàsì. Ẹni tó yẹ kó máa wo ìwé èsì ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló ń fi ọwọ́ wá ìbọn lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́pàá ti lọ, iṣẹ́ ọlọ́pàá ò lọ. Àwọn tó ń sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ ní ẹ̀rí níbẹ̀. Èmi, ohun mìíràn ni mo rí: ẹ tó lé ẹnì kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ẹni tó máa gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé ìwé tó dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀

Àwọn ẹkùn kan ò yá ọlọ́pàá lọ́wọ́ ìlú, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tiwọn sílẹ̀. Los Angeles ní irú rẹ̀, Houston ní irú rẹ̀, Oakland ní irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù lè pàṣẹ fún wọn tààrà. Ewu ibẹ̀ ni pé wọ́n ti di ara ilé, owó wọn ti wọ inú ètò ìnáwó bí owó iná, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè mọ́.

Ní Los Angeles, owó ẹgbẹ́ yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là lọ́dún. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2020, bọ́ọ̀dù dìbò 4 sí 3, wọ́n gé mílíọ̀nù 25 kúrò. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní oṣù Kejì 2021, wọ́n pa ipò 133 rẹ́, wọ́n ní kí wọ́n má fi ata olómi fín ọmọ ilé ìwé lójú mọ́, wọ́n sì da owó náà mọ́ ètò mílíọ̀nù 36.5 dọ́là fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú. Mo fẹ́ràn Los Angeles torí ohun kan: owó tó kúrò ní orúkọ, ibi tó ń lọ náà ní orúkọ.

Oakland ṣe é tán pátápátá ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2020, wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹ má rò pé ikú George Floyd nìkan ló ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn òbí àti ará àdúgbò kan níbẹ̀, Black Organizing Project, ti ń bá bọ́ọ̀dù fà á láti 2011. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń wá sípàdé.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọlọ́pàá tí ilé ìwé ní fúnra rẹ̀ mọ àwọn ọmọ jù, ẹ rántí Uvalde ní Texas, oṣù Karùn-ún 2022, nígbà tí apànìyàn kan gbé ìbọn wọ ilé ìwé. Ẹkùn ilé ìwé yẹn ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ọlọ́pàá 376 láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló dé ibẹ̀ kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 77 ló sì kọjá kí wọ́n tó wọlé bá apànìyàn náà. Ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ló kú.

Ilé ìwé tí ọlọ́pàá kì í gbé inú rẹ̀

Èyí kì í ṣe pé kò ní sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ máa pe 911 bí ọ̀ràn bá le, àwọn tó wà nínú ọgbà ò sì ní ìbọn. Minneapolis gba àwọn òṣìṣẹ́ ààbò tí wọn ò dira dípò. Montgomery County ní Maryland mú SRO kúrò ní 2021, wọ́n fi ọlọ́pàá tó ń bójú tó ilé ìwé mélòó kan pa pọ̀ rọ́pò, tí kì í jókòó sí ọ̀kan. Ní oṣù Kìíní 2022, akẹ́kọ̀ọ́ kan yìnbọn fún èkejì rẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Magruder High School, àríyànjiyàn sì tún gbóná.

Chicago ló gba ọ̀nà tó wù mí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2020, bọ́ọ̀dù wọn dìbò 4 sí 3 pé kí àdéhùn mílíọ̀nù 33 dọ́là pẹ̀lú ọlọ́pàá dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ju ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn òbí ti ní àga. Ilé ìwé 17 ló yọ ọlọ́pàá lọ́dún yẹn, àwọn tó pọ̀ jù pa tiwọn mọ́. Ọdún dé, ọdún lọ, iye náà ń dín kù. Nígbà tí bọ́ọ̀dù fẹnu kò ní oṣù Kejì 2024 pé kó tán, ilé ìwé 39 péré ló kù, àdéhùn náà sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí mílíọ̀nù 10.3 dọ́là. Àwọn òbí kan níbẹ̀ bínú pé wọ́n gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ àwọn, mo sì gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ẹ̀yin ará Chicago, ẹ kò nílò káàdì ọmọ orílẹ̀-èdè kí ẹ tó dìbò tàbí kí ẹ tó dupò òbí nínú ìgbìmọ̀ yìí. Ó yà mí lẹ́nu bí àwa Yorùbá ṣe kún ìlú yẹn tó tí a kì í gbọ́ orúkọ wa níbẹ̀.

Wàhálà tó wà nínú ọ̀nà yìí, mo fi ojú ara mi rí i. Ẹkùn kan tí mo ti gbé rí, mi ò ní dárúkọ wọn, yọ ọlọ́pàá, a pàtẹ́wọ́, a lọ sílé. Wọ́n ní àwọn máa fi owó náà gba olùdámọ̀ràn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ìwé ìnáwó wọn, mo wá owó yẹn títí. Ó wà lábẹ́ "àwọn ìnáwó ààbò mìíràn". Kámẹ́rà ni wọ́n fi rà. Olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo ló wá, òun náà sì ń pín ọjọ́ rẹ̀ sí ilé ìwé méjì. Ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé ìwé l'Amẹ́ríkà ní ọmọ 250 ló yẹ kí ẹnì kan mú. Ẹgbẹ́ ACLU, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, sì kọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ mílíọ̀nù 14 ló wà nílé ìwé tó ní ọlọ́pàá ṣùgbọ́n tí kò ní olùdámọ̀ràn, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ ọpọlọ tàbí òṣìṣẹ́ tó ń bá ìdílé yanjú ìṣòro.

Ibi tí òfin ìpínlẹ̀ ti pa ẹnu bọ́ọ̀dù mọ́

Florida: láti 2018, lẹ́yìn Parkland, ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó dira. Dípò ọlọ́pàá, wọ́n lè kọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwé ní ìbọn. Texas: láti oṣù Kẹsàn-án 2023, bákan náà ni, ẹni tó dira kan fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, $15,000 ni ìpínlẹ̀ ń fún ilé ìwé kan, àti $10 lórí ọmọ kan. Ẹ bá mi wá ọlọ́pàá tó máa gba ìyẹn lọ́dún. Bọ́ọ̀dù tí kò bá rówó tàbí tí kò rí ènìyàn gbà lè sọ ọ́ jáde, kó ṣe ètò mìíràn. Maryland rọ̀ díẹ̀: òfin 2018 wọn ní kí ilé ìwé ní SRO, tàbí kó fi hàn pé ọlọ́pàá àdúgbò ń bójú tó o dáadáa. Nínú "tàbí" yẹn ni gbogbo ìjà Maryland wà.

Bí ẹ bá wà ní irú ìpínlẹ̀ Florida tàbí Texas, ẹ má fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yín sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹni tó dira. Wọn ò lè ṣe é fún yín. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ni kí ẹ bá wọn jà lé lórí.

Ẹ fi owó wé owó

Ẹ gba iye àdéhùn, ẹ pín in sí iye ọlọ́pàá. Ti Minneapolis ní 2020 lé díẹ̀ ní $78,000 lórí ẹnì kan. Ti Chicago kẹ́yìn, mílíọ̀nù 10.3 fún ọlọ́pàá 57, lé ní $180,000. Iṣẹ́ kan náà ni lórúkọ. Torí náà ẹ bi wọ́n: owó oṣù nìkan ni, àbí owó ìfẹ̀yìntì àti mọ́tò wà níbẹ̀? Ṣé ìlú ń san ìdajì tí a ò rí nínú ìwé ilé ìwé? Lásìkò ìsinmi, ta ló ń sanwó ẹni tí kò sí ọmọ tó máa ṣọ́? Mo ti rí bọ́ọ̀dù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìbò tán tó sún un síwájú nítorí ìbéèrè kẹta yìí nìkan.

Tèmi

Bó bá jẹ́ pé ìbò wà lọ́wọ́ mi, tí òfin ìpínlẹ̀ sì gbà á, mo máa yan ilé ìwé tí ọlọ́pàá kì í gbé inú rẹ̀, lórí ohun kan ṣoṣo: kí ipò àwọn tó máa rọ́pò wọn ti wà nínú ètò ìnáwó kí wọ́n tó dìbò, pẹ̀lú iye wọn àti orúkọ ilé ìwé tí wọ́n ń lọ. Láìsí ìyẹn, mo máa fọwọ́ sí SRO tí ìwé àdéhùn rẹ̀ le, ju ìlérí lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa bínú sí gbólóhùn yìí. Ọlọ́pàá tí ìlú kan yá, tí ọ̀gá ilé ìwé lè ní kó má fọwọ́ kan ọmọ lórí ọ̀rọ̀ àìgbọràn, sàn lójú mi ju olùkọ́ tí wọ́n ní kó máa tú ara ọmọ wò.

Àbúrò mi ò kó dé títí oṣù Keje. Kó tó fọwọ́ sí ìwé ilé, ó kọ lẹ́tà sí ẹkùn ilé ìwé tó ń bọ̀ pé kí wọ́n fi àdéhùn wọn pẹ̀lú ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wọ́n. Lálẹ́ tó dé, ó pè mí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé náà.

"Ojú ìwé kẹta nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ọ̀gá ilé ìwé ló ni ìbáwí. Wọ́n ní ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ fóònù àti aṣọ."

"Ó dáa. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ní kí wọ́n pe òbí?"

Ó wá a, ó tún padà sẹ́yìn, ó tún wá a.

"Kò sí níbẹ̀ o."

"Ìgbà wo ni ìpàdé wọn?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje alẹ́." Mo gbọ́ tó ń wá bírò.

"Kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ lóru òní. Má kí wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ."